Ẹ̀fọ́ Tí À Ń Pè Ní Okun

Lẹ́yìn ilé ìdáná mi ní Kàbà, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, mo máa ń gbin ẹ̀fọ́ kan tí gbòǹgbò rẹ̀ funfun, tó gùn tó apá ọmọdé, tó sì máa ń ta ẹnu díẹ̀ bí èèyàn bá jẹ ẹ́ ní tútù. Gbogbo agboolé wa ló ń pè é ní okun. Àwọn ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé a máa fi wá rẹ́rìn-ín. Okun ni à ń kí ara wa níhìn-ín, láàárọ̀, lálẹ́, lóko, lọ́jà. Ta ló wá mú ìkíni, tó fi sọ ẹ̀fọ́ lórúkọ? Èmi ni. Ẹ jókòó, n ó sọ bó ṣe jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí dòní, tí mo bá ń sọ ọ́, àyà mi ṣì máa ń já.

N kò ní sọ ti ọkọ̀ ojú omi fún yín. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí kò ní í gbọ́ ohun tuntun, ẹni tí kò bá sì wọ̀ ọ́ rí á ní mò ń parọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira, ìjọba Òkè Ọya ní Kàdúná rán ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ níbí, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ kàwé sí i. Mo bá a lọ. A fi ọmọ wa kan ṣoṣo, Dúpẹ́, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ọmọ náà kò sunkún lọ́jọ́ tí à ń lọ. Àgbàdo sísun ló ń jẹ, kò tilẹ̀ wojú wa. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ẹ̀wù wà fún òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ni. Nílé wa, bí o bá kọjá lára èèyàn láìkí i, wọ́n á béèrè bóyá ìjà lẹ jà. Níbẹ̀, èèyàn lè jáde láàárọ̀ kó sì wọlé nírọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó bi í pé ṣé ó jí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú títì. Mo ní, "Okun o." Ọkùnrin kan sáré di àpò rẹ̀ mú.

Àwọn Yorùbá tí a bá níbẹ̀ náà ò gbà wá tán. Ọmọ Èkó kan gbọ́ ìkíni wa, ó ní, "Okun wo? Ṣé èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ni?" Ọkọ mi ní, "Òun náà ni. Tí o bá ti lè já a, wá sọ fún mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí a bá délé, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ náà. Lórí tákàdá, ará Òkè Ọya ni wá. Àwọn ará Òkè Ọya fúnra wọn ní Yorùbá ni wá. Àwọn Yorùbá ní èdè wa lọ́ pọ̀. Òyìnbó ní tirẹ̀ ò tilẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ, gbogbo wa dúdú lójú rẹ̀. Nínú ìlú tó tóbi tó yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè kí ní okun kó sì dá mi lóhùn bó ṣe yẹ. Bàbá Dúpẹ́ nìkan ni. Ẹnu rẹ̀ ni Kàbà mi wà.

Ìdí nìyẹn tí ikọ́ rẹ̀ fi kọ́kọ́ kó mi láyà jẹ ju bó ṣe kó òun alára láyà jẹ lọ.

Ó ní òtútù ni. Èmi náà sọ fún ara mi pé òtútù ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ nínú áńkáṣífù rẹ̀, kò sí ẹni tó tún dárúkọ òtútù mọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn nínú òtútù yẹn, tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló ń wo àìsàn náà. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí n wá wò ó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa sùn sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé. Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Dókítà ló wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ní àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹran lára rẹ̀ mọ́, kò sì sí dókítà tó máa fi abẹ kan ẹni tó rù tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kó jẹun. Ó ní bí kò bá jẹun, àwọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ, bí àwọn ò bá sì ṣiṣẹ́ abẹ... Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Bàbá Dúpẹ́ kò sì jẹun. Ọ̀dùnkún tí wọ́n bá gbé fún un, bó ṣe wà ni wọ́n á ṣe gbé e kúrò. Ó ní gbogbo oúnjẹ wọn ń rùn bí ọṣẹ. Kì í bínú, kì í ṣàròyé, ohun tó tún bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí ọkọ mi tí mo mọ̀ nílé, bí iyọ̀ bá dín bíńtín nínú ọbẹ̀, gbogbo agboolé ló máa gbọ́. Ẹni tí kì í dákẹ́ ló ń dákẹ́ yìí.

Iṣẹ́ ìfọṣọ ni mò ń ṣe. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ìlú náà ni à ń lọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ooru á máa sè wá, bẹ́ẹ̀ òtútù ń pa ẹsẹ̀ wa. Tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, mo máa ń lọ síbi ilé gíláàsì pupa tí tẹlifóònù wà, ní orígun títì wa. Mo máa ń ti owó wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, n ó sì béèrè ọkọ mi. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún mi. Nọ́ọ̀sì á ní, "Kọ́ńfọtébù ni, Mísíìsì." Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ìrọ̀rùn ni. Mo máa ń padà sílé pẹ̀lú ìrọ̀rùn yẹn, n ó fi sùn.

Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ fún Rósì, òyìnbó tí a jọ ń lọ aṣọ. Mo ní ara ọkọ mi ń yá, pé wọ́n ní kọ́ńfọtébù ni. Rósì gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ní, "Olólùfẹ́ mi," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn, "ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìyá mi nìyẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n pè wá pé ká wá gbé òkú rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń lọ síbi tẹlifóònù, ẹsẹ̀ mi á máa wúwo. Mo ń bẹ̀rù pé wọn ò ní í sọ pé kọ́ńfọtébù ni, mo sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á sọ ọ́.

Ìyá ọkọ mi kò mọ nǹkan kan. Ìwé tí mò ń kọ sílé, tí katikísì ń kà fún un, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ara le, pé ìwé ló pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí mi pé, "Ìyàwó mi, okun. Ṣé ó ń jẹun? O mọ̀ pé bí kò bá rí iyán, kò tíì jẹun nìyẹn." Mo ká ìwé náà, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé ó ń wò mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo ní, "Bàbá Dúpẹ́, kí lo lè jẹ? Dárúkọ rẹ̀, ohunkóhun tó bá jẹ́." Ó ní, "Iyán."

Mo ní, "N ó gbé e wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ó wò mí. "Iyán? Níbo lo ti fẹ́ rí iṣu?"

"Ìyẹn kan ọ́? Tìrẹ ni kí o jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyẹn ló mú kí n mọ̀ pé mo ti tọrùn bọ ọ̀rọ̀. Nígbà tí à ń wí yìí, iṣu kò sí ní ọjà wọn bó ṣe wà báyìí. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ Èkó yẹn, ó ní òun ò tíì fojú kan iṣu láti ìgbà tí òun ti dé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ń lọ aṣọ funfun, iṣu ni mò ń rí.

Ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé, obìnrin ará Íńdíà kan àti ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Míírà lorúkọ ọmọ wọn tó ṣì wà lẹ́yìn, nítorí náà Ìyá Míírà ni mò ń pè é. Òyìnbó tirẹ̀ kò ju tèmi lọ, ìyẹn sì mú ọ̀rọ̀ wa rọrùn, torí ọwọ́ la fi ń parí rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé tó ń gbin nǹkan sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo wọ ilé ìdáná rẹ̀ kí n dá ìkòkò rẹ̀ padà, ni mo bá rí wọn lórí tábìlì. Wọ́n funfun, wọ́n gùn, omi ṣì ń kán lára wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí iṣu gba ọkàn rẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn. Mo rò pé ó ti bẹ èèpo rẹ̀ ni. Mo nawọ́ sí i. Ìyá Míírà gbé ọ̀kan fún mi, ó ní, "Múlì." Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀fọ́ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ "múlé". Mo rò pé ó ń sọ pé a jọ múlé ti ara wa ni, pé kò sí ohun tí aládùúgbò ò lè ṣe fún aládùúgbò. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó fi méjì sí i. Ó ti ní láti máa rò ó pé irú ebi wo ló ń pa obìnrin yìí.

Láàárọ̀ Sátidé mo gé e, mo sè é. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti iṣu, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ibòmíràn ló fà á. Kò sí odó. Mo kó o sínú bàsíà, mo fi ìdí ìgò gún un. Mo gún un títí apá fi ro mí. Dípò kó fà, omi ló ń sun. Bí mo ṣe ń gún un tó ni omi ń pọ̀ tó, nígbà tó yá ohun tó wà nínú bàsíà kò yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ ọwọ́ pọ̀. Mo dáwọ́ dúró. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìgò wà lọ́wọ́ mi, mo sì sunkún. Kì í ṣe nítorí iyán. Mo ń rò ó pé bí ó bá kú, ohun tí mo máa sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé ọmọ rẹ béèrè oúnjẹ kan ṣoṣo, èmi ìyàwó rẹ̀ ò rí i gbé kalẹ̀.

Ìyá Míírà sáré gòkè wá. Ó rò pé mò ń wó ilé. Ó wo bàsíà, ó wo ìgò, ẹ̀rín sì gbé e lọ débi pé ó di ara ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi. Mo ní, "Ọkọ mi. Kò jẹun. Họsipítù." Ó fà mí dìde, ó mú mi lọ sísàlẹ̀.

Ó fi nǹkan rin èyí tó kù, bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ gàrí. Ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó ní kí a dúró. Lẹ́yìn náà ló dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́ kan, ó sì fún un. Omi ṣàn jáde bí òjò. Mo dúró, mo ń wò ó, ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Ohun gígún kọ́ ni. Ohun fífún ni. Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un fúnra mi, nítorí ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ta ni kò fún ẹ̀gẹ́ rí ní Kàbà?

Ó din àlùbọ́sà àti atalẹ̀, ó da gbòǹgbò náà sí i. Ó já ewé orí rẹ̀, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó sọ ọ́ sí i pẹ̀lú. Èmi náà lọ mú ohun tí mo ti ń ṣọ́ lò láti ilé wá, ata gbígbẹ àti ìwọ̀nba irú tí ìyá ọkọ mi dì fún mi. Nígbà tí mo tú irú náà, Ìyá Míírà fọwọ́ bo imú, ó sì ṣí fèrèsé. Mo ní lọ́kàn mi pé kò burú, òórùn dọ́gba. Ọbẹ̀ náà jóná díẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì pọ́n. Ó ní kí n tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti fẹ́ lọ. Mo dì í, mo sáré.

Lójú ọ̀nà ni mo rántí òwe tí ìyá àgbà mi máa ń pa fún ọmọ tó bá ń ṣa oúnjẹ jẹ: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mo wá múlì ti nínú òwe náà, n kò rí i.

Bàbá Dúpẹ́ ti jókòó dè mí. Wọ́n ti gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Ó ti ń retí iyán, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ṣí ìdérí, ó wò ó pẹ́.

"Iyán dà?"

Mo ní, "Kò sí iyán. Mo wá a títí. Ẹ̀fọ́ kan ni, Ìyá Míírà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é. Tọ́ ọ wò. Mo fi irú ilé sí i."

Ó dé ìdérí náà padà. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, o ń tàn mí bí ọmọdé." Kò pariwo. Ó kọjú sí ògiri. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹẹ̀kan péré, nítorí ọmọ rẹ. Kò yíjú padà. Nígbà tí agogo dún pé kí àlejò máa lọ, mo gbé abọ́ náà sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ní, "Okun o." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò jẹ́ ẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n ní kọ́ńfọtébù ni.

N kò mọ bí mo ṣe lo ọjọ́ Sọ́ńdè. Bàbá ọkọ mi, mùsùlùmí ni. Ìyá rẹ̀, Kátólíìkì. Èmi wà láàárín. Mo gba èyí tí mo mọ̀ nínú àdúrà méjèèjì, kó má lọ jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí n kò kàn ni ìrànlọ́wọ́ wà. Mo ń ro bí n ó ṣe dá nìkan wọkọ̀ padà. Mo ń rò ó pé n ó dé Kàbà, wọ́n á kí mi ní okun, okun ọ̀fọ̀. Ìkíni kan náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ti oko dé, òun náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Nírọ̀lẹ́ mo lọ síbi tẹlifóònù. Mo dúró síta tí ẹlòmíràn fi lò ó tán, mo tún ní kí ẹni tó tẹ̀ lé mi máa wọlé.

Nígbà tí mo wọlé tí mo béèrè ọkọ mi, nọ́ọ̀sì mìíràn ni, ohùn rẹ̀ le. Ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Mísíìsì, ọkọ rẹ ń ṣàròyé."

Mo ní kí ló wí.

"Mo ní ó ń ṣàròyé. Láti àárọ̀. Ó ní kò sí iyọ̀ nínú oúnjẹ tí o gbé wá. Ó ní kì í ṣe yáàmù, pé kí ẹnikẹ́ni má tan òun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní abọ́ náà kéré, ó sì ń bi gbogbo wa pé ta ló kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè. Ó ní kí o gbé òmíràn wá ní Sátidé, kí o sì fi iyọ̀ sí i."

Lóòótọ́, kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo iyọ̀ tí Ìyá Míírà wọ́n sí i, èmi ni mo fún un dànù mọ́ omi. Mo fara ti gíláàsì. Ọkọ mi ń ṣàròyé. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nọ́ọ̀sì ní, "Mísíìsì, ṣé o wà níbẹ̀? Ó tún ní kí n sọ nǹkan kan fún ọ, ó mú kí n tún un pè títí mo fi pè é dáadáa. Ó ní, okun. Ṣé orúkọ ẹ̀fọ́ náà nìyẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Sístà. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà nígbà tí ìgbà òtútù ń parí lọ. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Ìyá Míírà di irúgbìn rẹ̀ sí mi níbi etí gèlè, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ń relé ọkọ. Ilẹ̀ ibí kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń hù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, tí ẹ gbọ́ bàbá arúgbó kan tó ń pariwo pé òun ò jẹ okun lónìí, pé ta ló tún gbàgbé iyọ̀, pé ṣé iṣu ti tán ní Kàbà ni, ẹ má bá mi pẹ̀tù sí i. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ.